Áńgẹ́lì, Àpọ́sítélì, Wòlíì: Orírun àti Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó Jẹ Mọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run

1. ÌFÁÁRÀ

Ìdánwò àṣedánrawò kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń múra ìdánwò àṣejáde sílẹ̀ ní àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kúkurú kan pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà 'angel' wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kọ 'áńgẹ́lì'. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ 'mọ̀láíkà', akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan sì kọ 'òjíṣẹ́ Ọlọ́run'. Mo fi bírò pupa fagi lé ti àwọn méjèèjì, mo sì yọ máàkì méjì-méjì kúrò nínú iṣẹ́ wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yìí, àgbà àfáà tí ó ní ilé-kéwú, wá bá mi. Kò bínú, kò sì pariwo. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí à ń pè nílé láti ìgbà tí a ti bí ọmọ yìí ni ó kọ. Ṣé Yorùbá tiwa kì í ṣe Yorùbá ni?" N kò rí èsì fọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ohun tí mo rí nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò ẹlẹgbẹ́ mi. A ó tú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pe àwọn tí Ọlọ́run rán níṣẹ́ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó wo ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, a ó sì wo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò dípò wọn. Lẹ́yìn náà ni a ó dábàá bí ó ṣe yẹ kí a máa máàkì wọn.

2. 'ANGEL': ORÚKỌ IṢẸ́ NI, KÌ Í ṢE ORÚKỌ Ẹ̀DÁ

Inú èdè Gíríìkì ni 'angel' ti ṣẹ̀ wá. 'Angelos' ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju 'òjíṣẹ́' lọ. Ẹni tí ọba rán sí ìlú kejì, tàbí ẹni tí balógun rán wá sílé láti ojú ogun, 'angelos' ni. Nígbà tí àwọn Júù tí wọ́n ń sọ Gíríìkì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwé mímọ́ wọn láti èdè Hébérù, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kírísítì, 'angelos' ni wọ́n fi túmọ̀ 'malakh'. Òjíṣẹ́ ni 'malakh' náà, ìbáà jẹ́ láti ọ̀run ni ó ti wá, ìbáà jẹ́ láti ààfin ọba. Orúkọ wòlíì Málákì fi èyí hàn kedere: 'òjíṣẹ́ mi' ni ó túmọ̀ sí. Bákan náà, nínú Ìhìnrere Lúùkù orí keje, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Gíríìkì fi pe àwọn tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi rán sí Jésù, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé inú èdè Látìnì ni ọ̀nà pín sí méjì. Nínú Bíbélì tí Jerome túmọ̀ sí Látìnì ní ìparí ọ̀rúndún kẹrin, ní ọ̀pọ̀ ibi, 'nuntius' ni ó lò fún òjíṣẹ́ tí ó jẹ́ ènìyàn, ó sì fi 'angelus' pamọ́ fún ti ọ̀run. Láti ìdílé 'nuntius' ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí 'announce', láti ìdílé 'angelus' ni ó ti rí 'angel'. Nítorí náà, ìtumọ̀ 'angel' nínú Gẹ̀ẹ́sì há ju ìtumọ̀ rẹ̀ nínú Gíríìkì lọ. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ìhà àríwá tí ó kú ní ọdún 430, ti kìlọ̀ tipẹ́ pé orúkọ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe orúkọ irú ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́.

Kí a má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì kò gbìyànjú láti lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ 'engel' tí wọ́n yá, wọ́n tún ní 'ærendgast'. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ó di 'errand' lónìí, apá kejì ni ó di 'ghost'. Ẹ̀mí tí a rán níṣẹ́ ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ àdáyébá yìí kú, ọ̀rọ̀ àyálò sì jókòó sí àyè rẹ̀.

Ní ti 'áńgẹ́lì' tiwa, ẹ jẹ́ kí a fetí sí ìró rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé etí ni àwọn baba wa fi gbọ́ ọ lẹ́nu òyìnbó ni, kọ́ńsónáǹtì 'j' ni ìbá wà níbẹ̀, a ìbá sì máa pè é ní ohun tí ó jọ 'éńjẹ̀lì'. Ṣùgbọ́n 'g' ni a ń pè. Èyí fi hàn, lójú tèmi, pé ojú ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ọwọ́ àwọn atúmọ̀ tí wọ́n wo bí a ṣe kọ ọ́ tàbí tí wọ́n mọ Gíríìkì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'àpọ́sítélì': Gẹ̀ẹ́sì kì í pe 't' inú rẹ̀, àwa ń pè é.

3. 'MỌ̀LÁÍKÀ': ỌMỌ ÌYÁ 'MALAKH'

Èdè Lárúbáwá ni 'mọ̀láíkà' ti wá. 'Malak' ni ẹyọ rẹ̀, 'malaika' ni ọ̀pọ̀. Lárúbáwá àti Hébérù sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. 'Malak' àti 'malakh' kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Gbòǹgbò tí ó bí wọn ṣì wà láàyè nínú èdè ìsìn àwọn ará Etiópíà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'rán'.

Èyí ni ó mú ojú tì mí nígbà tí mo rántí bírò pupa mi. 'Angelos' ni wọ́n fi túmọ̀ 'malakh'. 'Mọ̀láíkà' sì jẹ́ ọmọ ìyá 'malakh' gan-an. Bí a bá ń wá èyí tí ó súnmọ́ orísun jù nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ọ̀rọ̀ tí mo fagi lé ni. A sì mọ̀ pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Kò sí ìdí tí a ó fi ka ọ̀rọ̀ àyálò kan sí ọmọ ilé, kí a sì ka èkejì sí àlejò.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ni 'malaika' jẹ́ nínú Lárúbáwá, ṣùgbọ́n ẹyọ ni àwa ń lò ó fún, tí a fi ń sọ pé 'mọ̀láíkà kan' àti 'àwọn mọ̀láíkà'. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Bí èdè bá yá ọ̀rọ̀, òfin gírámà tirẹ̀ ni ó fi ń tọ́ ọ. A ó tún pàdé irú èyí níwájú.

4. 'EVANGELIST' ÀTI 'GOSPEL'

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò fura pé 'angel' wà nínú 'evangelist'. 'Eu' Gíríìkì túmọ̀ sí 'rere'. 'Euangelion' ni ìròyìn rere. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ túmọ̀ èyí tààrà: wọ́n so 'god', èyí tí a ń fa fáwẹ̀lì rẹ̀ gùn tí ó sì túmọ̀ sí 'rere', pọ̀ mọ́ 'spell', èyí tí ó túmọ̀ sí 'ọ̀rọ̀' tàbí 'ìròyìn' nígbà náà. Òun ni ó di 'gospel'. Ohun tí Yorùbá ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí a so 'ìhìn' pọ̀ mọ́ 'rere'.

Bíbélì àtijọ́ kọ 'efangelisti', ṣùgbọ́n 'ajíhìnrere' ni ó gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹ wo bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀: a + jẹ́ + ìhìn + rere. Ẹ wá wo òjíṣẹ́: ò + jẹ́ + iṣẹ́. Nínú méjèèjì, a pa fáwẹ̀lì 'jẹ́' jẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e. Bí 'angel' ṣe so 'angelos' àti 'euangelion' pọ̀ nínú Gíríìkì, bẹ́ẹ̀ ni 'jẹ́' ṣe so 'òjíṣẹ́' àti 'ajíhìnrere' pọ̀ nínú Yorùbá. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí lè má mọ Gíríìkì rárá. Ọgbọ́n inú èdè ni ó darí wọn síbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ yóò rí i pé àwọn ọmọ kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

5. 'APOSTLE' ÀTI 'MISSIONARY'

'Apostle' náà, láti inú Gíríìkì ni. 'Apo' túmọ̀ sí 'kúrò lọ́dọ̀', 'stellein' túmọ̀ sí 'rán'. Ẹni tí a rán jáde ni 'apostolos'. Ní ti 'missionary', inú ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì 'mittere' ni ó ti wá, 'rán' náà ni. Èyí fi hàn pé bí a bá tú ọ̀rọ̀ méjèèjì sí wẹ́wẹ́, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọlẹ́yìn Jésù ni à ń pè ní 'àpọ́sítélì', tí a sì ń pe òyìnbó tí ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ìwòsàn ní 'míṣọ́nnárì'.

Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín 'angel' àti 'apostle', nígbà tí iṣẹ́ ni a rán àwọn méjèèjì? Ìtumọ̀ 'angelos' wo iṣẹ́ tí ó ń jẹ́; ìtumọ̀ 'apostolos' wo ẹni tí ó rán an. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ìhà méjèèjì: òjíṣẹ́ láti inú 'jẹ́', ìránṣẹ́ láti inú 'rán'. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwọn ààfin wa. Ìlàrí ni Aláàfin ń rán láti Ọ̀yọ́, ẹmẹsẹ̀ ni Ọọ̀ni ń rán láti Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀sí lọ ìlàrí, ọba ni ó fi lọ̀. Èrò yìí gan-an ni ó wà nínú 'apostle': àṣẹ ẹni tí ó ránni ń bẹ lórí ẹni tí a rán.

Láti ìgbà ìsọjí Òkè-Oyè ní Iléṣà ní ọdún 1930, tí òkìkí Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá kàn, 'àpọ́sítélì' ti di oyè lẹ́nu àwa Yorùbá, kò mọ lórí àwọn méjìlá inú Bíbélì mọ́. Àwọn Mùsùlùmí náà ní 'rasul' nínú Lárúbáwá, ẹni tí a rán. 'Òjíṣẹ́ Ọlọ́run' ni Yorùbá fi túmọ̀ rẹ̀, Ànábì Muhammad sì ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn Mùsùlùmí tí ó bá gbọ́ ọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́kùnrin mi ti le díẹ̀. Ó tọ̀nà ní ti orírun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó lò lè tọ́ka sí áńgẹ́lì, ó lè tọ́ka sí Ànábì, ó sì lè tọ́ka sí pásítọ̀ tí ń bẹ ní àdúgbò wa.

6. 'PROPHET': WÒLÍÌ TÀBÍ ÀNÁBÌ?

'Prophetes' Gíríìkì ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dípò ẹlòmíràn, agbẹnusọ òrìṣà tàbí ti Ọlọ́run. Sísọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí kẹsàn-án, tilẹ̀ sọ fún wa pé aríran ni wọ́n ń pe ẹni tí a wá ń pè ní wòlíì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rò pé 'wòlíì' àti 'aríran' kò yàtọ̀ kò jẹ̀bi púpọ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni 'wòlíì' ti wá? Inú Lárúbáwá ni: 'wali', ẹni tí ó súnmọ́ Ọlọ́run, àyànfẹ́ Rẹ̀. Nínú Ìsìláàmù, wòlíì kì í ṣe ànábì. 'Nabiyy', tí a sọ di 'ànábì', ni ẹni tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ fún. Ọmọ ìyá 'nabi' Hébérù ni, òun sì ni ọ̀rọ̀ tí 'prophet' inú Bíbélì ń túmọ̀. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọ́n bá 'wòlíì' lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọ́n sì fi ṣe 'prophet'. Irú orísun bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti rí 'àlùfáà', 'àdúrà' àti 'wàásù'. Lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn.

Abájọ tí ọ̀rọ̀ kan fi ní ìtumọ̀ méjì nínú ìlú kan náà. Kírísítẹ́nì a máa pe Aísáyà ní wòlíì, Mùsùlùmí a máa pe Mùsá ní Ànábì Mùsá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ 'the Prophet Muhammad' sí 'Wòlíì Muhammad' ti rẹ Ànábì sílẹ̀ létí Mùsùlùmí, bí kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn.

7. 'CHERUB' ÀTI 'SERAPH': ÀWỌN TÍ KÌ Í JẸ́ IṢẸ́

A sábà máa ń ka àwọn wọ̀nyí mọ́ áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò ní 'òjíṣẹ́' nínú. 'Kerub' Hébérù ni ẹ̀ṣọ́: àwọn ni a fi ṣọ́ ọ̀nà igi ìyè nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì. 'Saraf' jẹ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'jó' bí iná ti ń jó nǹkan; ọ̀rọ̀ náà ni a tún lò fún àwọn ejò amúbíiná nínú ìwé Númérì orí kọkànlélógún. Inú ìran tí Aísáyà rí, nínú orí kẹfà ìwé rẹ̀, ni a ti mọ àwọn séráfù.

'-im' ni Hébérù fi ń sọ ẹyọ di ọ̀pọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni 'cherubim' àti 'seraphim'. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 kò ka èyí sí. 'Cherubims' ni wọ́n kọ, tí ọ̀pọ̀ gun orí ọ̀pọ̀. Ní ti 'seraph', inú 'seraphim' ni a ti gé e jáde, Milton sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, nínú ewì ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1667. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá lè ṣe èyí, kò yẹ kí a máa bú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ 'àwọn Kérúbímù'. Ọ̀nà tí 'mọ̀láíkà' gbà wọlé ni òun náà gbà. Orúkọ wọ̀nyí sì ti di tiwa pátápátá láti ọdún 1925, nígbà tí Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, tí a fi Kérúbù kún un lẹ́yìn náà.

8. ÒJÍṢẸ́ TÍ A SỌ DI Ọ̀TÁ

A kò lè sọ̀rọ̀ òjíṣẹ́ láàárín Olódùmarè àti ènìyàn kí a má dárúkọ Èṣù. Nínú ìgbàgbọ́ ìbílẹ̀ Yorùbá, òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó ń lọ, òun ni ó wà láàárín àwọn òrìṣà àti ọmọ aráyé, òun ni ó sì ń fìyà jẹ ẹni tí ó kọ ẹbọ. Ó lè ṣoore, ó lè ṣèkà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè.

'Devil' Gẹ̀ẹ́sì wá láti inú 'diabolos' Gíríìkì, tí ó túmọ̀ sí 'abanijẹ́'. 'Èṣù' ni àwọn atúmọ̀ Bíbélì fi túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé òjíṣẹ́ tí Yorùbá ní tẹ́lẹ̀ di ọ̀tá, a sì yá 'áńgẹ́lì' láti òkèèrè wá fi ṣe òjíṣẹ́. N kò sọ èyí láti dá àwọn àgbà náà lẹ́bi, iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe fún èdè wa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò ṣe bẹ́ẹ̀: Jésù Ọmọdé ti Atocha ni wọ́n fi Eleguá wé. Ní Bùràsíìlì, Exu ni a ń kọ́kọ́ fún ní tirẹ̀ kí ọdún òrìṣà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa.

9. ÌDÁBÀÁ FÚN ÀWA TÍ A Ń MÁÀKÌ

(i) Fún 'angel', kí 'áńgẹ́lì' àti 'mọ̀láíkà' gba máàkì kan náà. Ohun tí a ó béèrè ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe pààrọ̀ ọ̀kan fún èkejì nínú àyọkà kan ṣoṣo.

(ii) Fún 'òjíṣẹ́ Ọlọ́run', kí a wo àyíká ọ̀rọ̀. Bí àyọkà bá ti jẹ́ kí ó hàn pé ẹ̀dá ọ̀run ni, kí a fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Bí ó bá lè da òǹkàwé rú, kí a yọ díẹ̀, kí a má yọ gbogbo rẹ̀, kí a sì kọ ìdí rẹ̀ sí etí ìwé.

(iii) Fún 'prophet', 'wòlíì' ni fún ọ̀rọ̀ Kírísítẹ́nì, 'ànábì' fún ti Mùsùlùmí. Níbi tí àyọkà kò bá ti sọ ẹ̀sìn kan pàtó, kí a gba èyíkéyìí.

(iv) Kí a má yọ máàkì nítorí 'Kérúbímù' àti 'Séráfímù', ṣùgbọ́n kí a ṣàlàyé '-im' ní kíláàsì.

(v) A kò lè sọ pé 'Èṣù' fún 'devil' kò tọ̀nà mọ́, nítorí ó ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyọkà Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ìbílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì túmọ̀ Èṣù sí 'devil', àṣìtumọ̀ gidi nìyẹn. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí bírò pupa ti ṣiṣẹ́.

10. ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti rí i pé 'angel', 'apostle' àti 'missionary' kò kọjá 'jẹ́' àti 'rán' bí a bá tú wọn dé gbòǹgbò. A rí i pé 'prophet' jẹ́ agbẹnusọ, àti pé Kérúbù àti Séráfù kì í ṣe òjíṣẹ́ ní ti orúkọ wọn. A sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì tí a ń bẹ̀rù yá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti yá wọn.

Mo padà lọ sí ilé àfáà náà. Mo fi ìwé ọmọ rẹ̀ hàn án, mo ti dá máàkì méjèèjì padà, mo sì ti fi ọ̀kan kún ti akẹ́kọ̀ọ́kùnrin. Ó dúpẹ́, ó sì bi mí bóyá àwọn tí yóò máàkì ìdánwò gidi náà yóò gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá fún ẹgbẹ́ wa: kí a jókòó, kí a fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí a ó máa gbà, kí ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kírísítẹ́nì àti ọmọ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi Yorùbá ilé wọn ṣe ìdánwò Yorùbá. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí a rán olùkọ́ èdè ni kí ó kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá bí ó ṣe gbòòrò tó, kì í ṣe bí ó ṣe mọ ní ilé olùkọ́ nìkan.